Ẹ̀rọ Tó Ń Ṣọ́ Oòrùn ní Ọ́fíìsì Ọlọ́runlékè

Kábbà, Ìpínlẹ̀ Kwara,
Ọjọ́ 24, oṣù kejì, 1986.

Ọlọ́runlékè,

Kí n tó kí ọ, ká kọ́kọ́ parí ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀. Aṣọ tí o ní kí n hun fún ìyàwó ọ̀gá rẹ ti jáde lórí òfì, Lájídé onímọ́tò ló ń mú un bọ̀. Owó òwú tí o fi ránṣẹ́ ṣẹ́ku náírà kan, mo ti fi ra kẹrosíìnì, nítorí náà a ò jẹ ara wa ní gbèsè mọ́.

Okún o, ọmọ mi. Ṣé àlàáfíà lo wà? Ọyẹ́ ti lọ, ooru ti dé, ẹsẹ̀ bàbá rẹ sì ti fúyẹ́, ó ń kí ọ. Ọlọ́run kò ní jẹ́ ká gbọ́ aburú ara wa.

Lẹ́tà rẹ dé, èmi fúnra mi ni mo kà á, ẹ̀ẹ̀mejì. O ní gíláàsì ni wọ́n fi kọ́ ilé iṣẹ́ yín ní Èkó láti òkè délẹ̀, oòrùn wá ń yan ẹ̀yin tó wà nínú rẹ̀, ni òyìnbó bá gbé ẹ̀rọ kan wá tó ń ṣọ́ oòrùn, tó ń yí àwọn páànù pẹlẹbẹ lójú gíláàsì náà bí oòrùn bá ṣe ń rìn, láìsí ẹni tó fọwọ́ kàn án. Mo rò ó títí. Wọ́n ra gíláàsì kí ìmọ́lẹ̀ lè wọlé, wọ́n tún ra ohun tí kò ní jẹ́ kó wọlé. Amọ̀ la fi kọ́ tiwa, ẹ̀ẹ̀kan la náwó.

Mo sọ ọ́ fún àwọn ẹgbẹ́ mi nídìí òfì. Agatha ní kí n bi ọ́ pé kí ló dé tí ẹ kì í ṣe bíi tiwa: láàárọ̀ a ó gbé òfì ti ògiri níhà ìwọ̀-oòrùn, bí oòrùn bá yẹ̀ a ó gbé e lọ síhà ìlà-oòrùn, ìbòòji ò sì gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wa. Mo ní bóyá àga Èkó wúwo ni. Kíkẹ́lọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ wá bèèrè pé nígbà òjò, tí oòrùn kì í jáde, ṣé wọ́n ṣì ń san owó oṣù fún ẹ̀rọ náà.

Ibẹ̀ ni ọkàn mi ti dàrú, nítorí o kọ ọ́ pé ìwọ ni alábòójútó rẹ̀. Ohun tí ẹnikẹ́ni kì í fọwọ́ kàn, kí lò ń bójú tó lára rẹ̀? Bí mo ṣe bèèrè yìí ni ọ̀gá rẹ náà yóò bèèrè lọ́jọ́ kan.

Gbọ́ tèmi. Máa ṣáájú ọ̀gá dé ibi iṣẹ́. Bó bá ti ń wọlé, kó bá ọ lórí àkàbà pẹ̀lú àkísà lọ́wọ́. Lẹ́ẹ̀kan lóṣù, jẹ́ kí oòrùn kan ojú ọ̀gá díẹ̀, kó o wá sáré lọ tún ẹ̀rọ ṣe. Má purọ́ o, ọmọ ìjọ ni wá. Ṣáà má sọ gbogbo òótọ́ tán. Aṣọ yẹn, fọwọ́ ara rẹ gbé e fún ìyàwó rẹ̀, torí ẹni tí ọkọ bá fẹ́ lé, ìyàwó lè ní kó dúró.

Fi náírà mẹ́wàá ránṣẹ́ fún òwú tuntun nígbà tí owó oṣù ṣì ń wọlé. Ọlọ́run tó dá oòrùn kò ní jẹ́ kí irin jókòó sórí àga rẹ. Bí mi ò bá gbúròó rẹ, màá gbà pé wọ́n ti lé ọ, Bámigbóyè àbúrò bàbá rẹ yóò sì kọ ebè ẹgbẹ̀ta sílẹ̀ dè ọ́ kí òjò tó balẹ̀. Sátidé ló ní òun máa bẹ̀rẹ̀, nítorí náà mò ń retí èsì rẹ ní ọjọ́ Jímọ̀, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹta.