Wọ́n Pa Jagun Nítorí Pé Ó Kí Àgbà

Sátidé, Ìbà, 1993

Jagun ti kú, inú sì ń bí mi gan-an. Oṣù mẹ́rin ni mo fi tọ́jú ọmọ ogun àfinúrò yẹn nínú eré dáìsì tí à ń ṣe ní yàrá Délé ọ̀rẹ́ mi. Délé á ka ohun tó wà nínú ihò àpáta tí àwọn ọmọ ogun wa ń wọ̀ lọ fún wa látinú ìwé eré náà, kálukú á sọ ohun tí ọmọ ogun tiẹ̀ máa ṣe, á sì ju dáìsì láti mọ̀ bóyá ó bọ́ nínú ewu.

Lónìí, a dé yàrá tó kẹ́yìn nínú ihò náà. Délé ní bàbá arúgbó kan jókòó sórí ìtẹ́.

Mo ní, "Jagun dọ̀bálẹ̀ kí wọn." Kí ni ọmọ Yorùbá fẹ́ ṣe yàtọ̀ sí ìyẹn?

Délé bú sẹ́rìn-ín. "Ẹni tí àyà ẹ̀ bá kanlẹ̀ níbẹ̀, ọ̀kọ̀ á gún un látìsàlẹ̀. Ó ti kú nìyẹn." Kò tiẹ̀ jẹ́ kí n ju dáìsì.

Àwọn tó mọ eré yìí ní ìwé tó lórúkọ ni, pé kò sí irú ẹ̀. Irú ẹ̀ wo? Ìwé rádaràda! Kò sí ìkìlọ̀ kankan. Àwọn ọmọ ogun yòókù tó dúró ṣánṣán, tí wọn ò kí ẹnikẹ́ni, àwọn ló kó wúrà. Ẹni tó kọ ọ́ ò lẹ́kọ̀ọ́ ilé.

Nígbà tí mo padà dé, bàbá onílé wa jókòó sẹ́nu géètì. Kí n tó dọ̀bálẹ̀, mo kọ́kọ́ fẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ wò.

Wọ́n ní, "Kí lo sọ nù?"

Ẹ̀kọ́ ilé mi ni. Ṣùgbọ́n mo ní, "Kò sí nǹkan, sà."