Kábíyèsí Di Onímọ̀ Sáyẹ́ǹsì

Ọjọ́bọ̀, ìrọ̀lẹ́

Mo ru búlọ́ọ̀kù, mo sùn lábẹ́ káńtà n'Ìyànà Ìbà. Ìwé mẹ́ta péré ni mo kà, mo tún tẹlifíṣọ̀n ṣe títí Bọ́sẹ̀ ọmọ mi fi di dókítà ìmọ̀ ẹ̀fọn. Ta ló tó mi?

Ọdọọdún ni Bọ́sẹ̀ ń bẹ ẹgbẹ́ onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kí wọ́n gba òun wọlé. Wọn ò gbà. Lónìí, wọ́n fi Kábíyèsí wa ṣe ọmọ ẹgbẹ́ ọlọ́lá, wọ́n ní kí Bọ́sẹ̀ kúnlẹ̀ gbé ìwé ẹ̀rí fún Kábíyèsí.

Kábíyèsí bi í pé, "Ọmọ mi, kí ni wọ́n kọ síbẹ̀?"

"Wọ́n ní onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ni yín, Kábíyèsí."

Gbogbo èèyàn pàtẹ́wọ́. Èmi náà pàtẹ́wọ́, torí ìjòyè Kábíyèsí ni mí. Ó rí mi lára.

Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, màá dá fìlà Balógun tí Kábíyèsí fún mi padà sí ààfin. Mi ò kúkú ja ogun kankan rí.