Ìtàn Tí Bàbá Fi Etí Ara Wọn Gbọ́

Agbo ilé Oníṣẹ́-Awọ ní Bẹ́yẹrúnkà, nílùú Ìbàdàn, ni a ti bí olóògbé, Alhaji Mikail Àkànní Àkíbù, ní ọdún 1943. Bàbá wọn ni Àkíbù, tí ń rán bàtà àti àpò awọ fún àwọn ará Bẹẹrẹ títí dé Òkè Bọ́lá. Ìyá wọn ni Àbíkẹ́, oníyọ̀ Ọjà'ba. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé ọdún 1940 ni, ẹ má dá a lóhùn. A ó dé ibẹ̀.

Èmi Karimat Àbẹ̀ní, ìyàwó wọn, ni ẹbí ní kí n kó ọ̀rọ̀ yìí jọ fún ẹ̀yin tí ẹ wá bá wa ṣe àdúrà ọjọ́ kẹjọ.

Bàbá lọ sílé kéwú, wọ́n sì wọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní 1950. Wọn kò parí rẹ̀. Abẹ́rẹ́ wù wọ́n ju kálàmù lọ. Ọ̀dọ̀ bàbá wọn ni wọ́n ti kọ́ṣẹ́ awọ.

Ní 1962, àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ pe Bàbá Àkíbù, bàbá ọkọ mi, jáde lórí òkè Mápó, gbogbo èrò sì yìn wọ́n títí. Ọjọ́ Jímọ̀ ni. Kí Jímọ̀ mìíràn tó dé, Bàbá Àkíbù ti wọ ilẹ̀ lọ. Láti ìgbà náà ni ọkọ mi ti gbà pé ìyìn gbangba ló pa bàbá àwọn. Kódà níbi ìkómọ, bí alásàlátù bá ti fẹ́ fi orin dárúkọ wọn, wọ́n á ti wá bàtà wọn, ó di ilé.

Ní 1968 ni wọ́n fẹ́ mi. Mò ń kọrin lọ sí Ọjà'ba ni wọ́n dá mi dúró, wọ́n ní kí n tún un kọ. Mo ní orin mi kì í ṣe ọ̀fẹ́. Wọ́n rán bàtà fún mi. Bàtà náà há díẹ̀, mo wọ̀ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀yìn ilé wa, níbi tí a ti ń sá awọ, ni àwọn ọmọ àdúgbò ti ń gbá bọ́ọ̀lù. Bí bọ́ọ̀lù bá ya, ọ̀dọ̀ Bàbá ni wọ́n ń gbé e wá. Bàbá kì í gba kọ́bọ̀. Ohun tí wọ́n máa ń sọ ni pé, "Ẹ kó gọ́tà, n ó rán bọ́ọ̀lù." Bí gọ́tà bá mọ́ láti mọ́ṣáláṣí dé ọ̀nà Bẹẹrẹ, bọ́ọ̀lù á jáde. Ìdí nìyẹn tí àgbàrá kì í fi í wọlé wa. Ibẹ̀ ni Ẹgbẹ́ Agbábọ́ọ̀lù Ìrẹ̀pọ̀ Bẹ́yẹrúnkà ti ṣẹ̀ ní 1987.

Bàbá lọ sí Mẹ́kà ní 1994. Nígbà tí wọ́n dé ni àdúgbò fi wọ́n ṣe alága. Bí ìjà bá ṣẹlẹ̀, wọ́n á fi oúnjẹ sílẹ̀ lọ parí rẹ̀.

Ẹgbẹ́ Ìrẹ̀pọ̀ ní àṣà kan. Lópin ọdún, wọ́n máa ń fi àwo ẹ̀yẹ dá àwọn àgbà tó ń ṣe rere ládùúgbò lọ́lá. Lọ́dọọdún ni wọ́n ń bẹ Bàbá. Lọ́dọọdún ni Bàbá ń dá wọn lóhùn pé, "Ṣé ẹ fẹ́ sin mí ni?" Ní 2018, Jubril, ọ̀gá àwọn agbábọ́ọ̀lù náà, tọ̀ mí wá. "Ìyá, ọgbọ́n wo la ó dá? Ṣé ẹ̀yìn ikú wọn la ó tó dúpẹ́ ni?" Mo rò ó títí. Mo ní, "Ohun kan wà tí bàbá yín kì í kọ̀. Ìjà ni."

Ní ọjọ́ ìdíje, ẹnì kan sáré wá sílé: "Bàbá, Bẹ́yẹrúnkà àti Oríta-mẹ́rin fẹ́ pa ara wọn o!" Bàbá gbé ọ̀pá, wọ́n gbàgbé fìlà. Wọ́n bá Jubril tó di Joseph, ọ̀gá àwọn ọmọ Oríta-mẹ́rin, lẹ́wù mú.

"Ẹ̀yin aláìlójútì! Ṣé ibi tí a ti ń sá awọ ẹran lẹ fẹ́ bó awọ ara yín sí? Ẹ dọ̀bálẹ̀ fún ara yín!"

Àwọn méjèèjì dọ̀bálẹ̀, ṣùgbọ́n Bàbá ni wọ́n kọjú sí. Gbogbo pápá dọ̀bálẹ̀. Mo bá gbé orin, bẹ́ẹ̀ ikú Bàbá Àkíbù ni mo ń rántí:

Ẹni rán bọ́ọ̀lù ló rán wa pọ̀,
Àkànní, ìwọ lo rán wa pọ̀,
Okùn ẹ̀mí rẹ kò ní já.

Bàbá wò mí. "Àbẹ̀ní, ìwọ náà?"

Mo ní, "Ẹ jókòó, Bàbá Waliyat. Ẹ gbọ́."

Jubril ṣí ìwé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìtàn ìgbésí ayé wọn: "A bí bàbá wa ní ọdún 1940..."

"Ta ló bí mi ní 1940? Ìyá mi ò tíì mọ ilé bàbá mi nígbà yẹn!"

Ó ní Bàbá ló fún ẹgbẹ́ ní pápá. Bàbá ní rárá, Àbíkẹ́ ìyá àwọn ló kọ̀ kí ẹbí kọ́ ṣọ́ọ̀bù síbẹ̀. Ó ní Bàbá kì í bínú. "Irọ́! Inú ń bí mi báyìí!" Ẹ̀rín pa pápá. Kí Bàbá tó gba àwo ẹ̀yẹ, wọ́n ní ó ku ohun kan tí Jubril kò kọ. "Kọ ọ́ síbẹ̀ pé Àbẹ̀ní ló ń kọrin tí mo bá ń rán bọ́ọ̀lù. Bí kò bá kọrin, abẹ́rẹ́ a máa gún mi."

Ní Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, èmi kò lè jẹun. Bàbá jẹ ẹ̀kọ, wọ́n rán bọ́ọ̀lù kan, wọ́n lọ kírun. Nígbà tí wọ́n dé, wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà. "Àbẹ̀ní, ìyìn ò mà pa mí o." Ọ̀rọ̀ yìí kò kúrò lẹ́nu wọn mọ́. Níbi ìkómọ, wọn kì í dìde mọ́. Wọ́n á ní kí alásàlátù máa wí, àwọn ń gbọ́.

Ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 2025, lẹ́yìn àìsàn ráńpẹ́, Bàbá jáde láyé. Àwọn tí wọ́n fi sílẹ̀ ni èmi ìyàwó wọn, àwọn ọmọ wa, Waliyat, Àkíbù àti Ọmọ́tọ́lá, ọmọ-ọmọ mọ́kànlá, àti àwọn ọmọ bọ́ọ̀lù tí a kò lè kà tán. Àwọn ló kó gọ́tà tí ẹ dá kọjá wọlé lónìí.

Láti inú ìwé ọjọ́ náà, bí Bàbá ṣe tún un ṣe, ni mo ti kó ọ̀rọ̀ yìí jọ. Wọ́n ní kí Jubril fi àyè sílẹ̀ nísàlẹ̀, torí ó ku ibì kan tí àwọn ò ní lè bá a tún ṣe. A ti kọ ọ́ síbẹ̀ báyìí: 1943 sí 2025. Ìyìn kọ́ ló pa wọ́n. Ọjọ́ ló pé.

Ẹ sùn re o, Bàbá Waliyat. Kí Ọlọ́run tẹ́ yín sí àlùjánnà onídẹ̀ra. Bí ẹ bá fojú kan Bàbá Àkíbù, bàbá yín, ẹ sọ fún wọn pé ẹ gbọ́ tiyín tán, ẹ rẹ́rìn-ín sí i, kí ẹ tó máa bọ̀.