Pèrègún Odòmẹ́ta Tí Mi Ò Lọ Wò

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Oṣù mẹ́jọ ti pé tí ẹ ti lọ. Orí bẹ́ǹṣì yín ni mo jókòó sí, èyí tó wà lẹ́nu ọ̀nà ilé-iṣẹ́, mo gbé ìwé lé orúnkún. Tábìlì yín ṣì wà nínú, ṣùgbọ́n ojú ń tì mí láti jókòó sí i. Ẹ jẹ́ kí n máa sọ ọ́ díẹ̀díẹ̀.

Yàrá kan ṣoṣo ni ilé-iṣẹ́ agbẹjọ́rò yìí nígbà tí ẹ dá a sílẹ̀, yàrá tí ìyá yín ń kó àgbàdo sí. Kòkòrò àgbàdo ń já bọ́ láti àjà sórí ìwé ẹjọ́ yín. Àwọn tí ẹ jọ kàwé gba Kótónù lọ. Ẹ̀yin padà sí Kétu pẹ̀lú ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kan tí lẹ́tà kan nínú rẹ̀ kì í jẹ́, tí ẹ ń fi bírò kọ lẹ́tà náà sí i lọ́kọ̀ọ̀kan. Èmi ni mo máa ń bá yín wá èyí tí ẹ fò. Mo rò nígbà náà pé iṣẹ́ agbẹjọ́rò nìyẹn.

Ẹ ní òfin kan tí kò sí nínú ìwé kankan: ẹ kì í gba ẹjọ́ ilẹ̀ láì tẹ ààlà rẹ̀. Ì báà jẹ́ Idigny, ì báà jẹ́ Adakplamè, ẹ ó gun ọ̀kadà sẹ́míjàn dé etí oko, ẹ ó bọ́ bàtà, ẹ ó so okùn rẹ̀ pọ̀, ẹ ó gbé e kọ́ èjìká. Ẹ ó wá máa tẹ̀ lé pèrègún ààlà lẹ́sẹ̀ lásán, ẹ ó máa fọwọ́ di ìdí rẹ̀ mú. Ẹ máa ń sọ pé ilẹ̀ kò gbọ́ Faransé. Oníbàárà tó bá purọ́, ẹ ó dá ìwé rẹ̀ padà fún un, àní bó jẹ́ ìbátan yín.

Nígbà tí mo ka òfin dé, ẹ ní kí wọ́n kọ “àti ọmọ” sábẹ́ orúkọ yín lára pátákó. Ẹ dúró lójú títì, ẹ ń wò ó títí oúnjẹ fi tutù nílé.

Àìsàn ti dá yín dùbúlẹ̀ nígbà tí ẹjọ́ Odòmẹ́ta dé. Ọkùnrin kan wá bá mi, ó ní opó tí oko wọn jọ pààlà, Ìyá Àṣàkẹ́, wọnú ilẹ̀ òun. Ó fi fọ́tò hàn mí lórí fóònù rẹ̀: pèrègún tò lọ gbọọrọ, ó tutù yọ̀yọ̀. Òjò ti ba ọ̀nà jẹ́. Mo rò pé fọ́tò tó.

Ẹ bi mí lórí ibùsùn bóyá mo dé ibẹ̀. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ bi mí bóyá mo bọ́ bàtà. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ fọwọ́ kan ẹsẹ̀ mi. Bàbá, ṣé ẹ mọ̀ nígbà náà? Àtẹ́lẹsẹ̀ mi rọ̀, kò sí ẹ̀gún kankan tó gún un. Ọ̀sẹ̀ yẹn ni mo jàre ẹjọ́ náà. Ọ̀sẹ̀ kejì lẹ kú.

Ìyá Àṣàkẹ́ wá kí wa, ó gbé àgbàdo wá, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì yìí. Ó ní àwọn ọmọ òun ní kí òun pe ẹjọ́ náà sókè lọ sílé ẹjọ́ tó ga jù, òun kọ̀. Ó ní ọmọ Bàbá kò lè dìde nílé ẹjọ́ láì jẹ́ pé ó ti tẹ ilẹ̀ náà. Ó ní ó ní láti jẹ́ pé ibi tí kì í ṣe ààlà ni ọkọ òun fi hàn òun kó tó kú, òun sì ti dárí jì í. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Oṣù tó kọjá ni ọkùnrin tí mo bá rojọ́ yẹn ní kí n wá wo iṣu òun ní Odòmẹ́ta. Mo fọwọ́ di ìdí pèrègún mú bí ẹ ti máa ń ṣe. Kò nípọn ju ìka mi lọ, kò lè ju bí ọdún kan lọ tí wọ́n gbìn ín. Nígbà tí mo rìn wọ àárín iṣu, mo rí kùkùté àwọn ògbólógbòó pèrègún ààlà àtijọ́ tí wọ́n fi àdá gé mọ́lẹ̀. Wọ́n nípọn tó ọrùn ọwọ́ mi, gbogbo wọn sì ti ń rúwé padà. Mo jókòó sáàárín ebè, mo sunkún.

Mo bẹ̀ ẹ́ kó dá ilẹ̀ padà. Ó rán mi létí pé agbẹjọ́rò kì í tú àṣírí oníbàárà rẹ̀, pé bí mo bá sọ ọ́, wọn ó gba aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn mi. Òótọ́ ló sọ. Ọjọ́ tí òfin fún Ìyá Àṣàkẹ́ láti pe ẹjọ́ sókè náà ti kọjá.

Mo ti sọ pátákó kalẹ̀. Ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi níbí. Bí mo bá parí lẹ́tà yìí, Odòmẹ́ta ni mò ń lọ, láti sọ fún Ìyá Àṣàkẹ́ pé ọkọ rẹ̀ kò ṣi ààlà hàn án. Ohun tí wọ́n bá fẹ́ fi mí ṣe, kí wọ́n fi mí ṣe. Ó dùn mí dọ́kàn pé ọwọ́ mi ni ilé-iṣẹ́ yín máa kú sí. Ta ni yóò máa bá wọn tẹ ààlà báyìí?

Mi ò mọ̀ bóyá ẹ lè dárí jì mí. Ṣùgbọ́n ẹ bi mí ní ìbéèrè kan lórí ibùsùn, ìdáhùn tòótọ́ rẹ̀ rèé. Rárá, Bàbá. Mi ò dé ibẹ̀.

Èmi ni ọmọ yín, tí ẹ fọwọ́ kan lẹ́sẹ̀, tó ṣì fẹ́ràn yín.