Wọ́n Yà fún Àkèré, Wọ́n Gba Orí Sàréè Ìyá

Ẹ̀gbọ́n mi Lahui,

Gbogbo ilé ń kí ẹ̀yin àti ìyàwó yín ní Port Moresby. Ẹsẹ̀ Bàbá tún ti wú, ṣùgbọ́n wọ́n ń jẹ ságò dáadáa.

Àwọn tó wá yẹ ilẹ̀ wò nítorí páìpù gáàsì ti gbé ìwé wọn jáde. Èmi ni mo mú wọn wọ igbó. Èmi ni mo fi àkèré etí odò hàn wọ́n, tí inú mi ń dùn bí wọ́n ṣe ń yà á ní fọ́tò. Nítorí àkèré náà, wọ́n ti yí ọ̀nà páìpù sí apá òkè. Orí sàréè Ìyá ló gbà.

Mo sọ fún ọ̀gá wọn pé, “Ìyá mi ló wà níbẹ̀ o!”

Ó ní, “Àkèré yẹn ti ṣọ̀wọ́n láyé, ọ̀rẹ́ mi. Sàréè ṣeé gbé.”

Ó wá dà bí ẹni pé èmi ni mo ta Ìyá. Bàbá ní ọwọ́ àkọ́bí ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kan egungun Ìyá, ọjọ́ Ẹtì sì ni katakata tó máa hú ilẹ̀ ń dé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè wá. Òkun á gbé yín dé láyọ̀. Ẹ mú aṣọ funfun dání. Èyí tó wà nílé ti gbó jù láti fi wé egungun Ìyá.

Àbúrò yín,
Miria