Koríko Tí Ọkọ Mi Gbìn Síwájú Ilé

Ẹ̀yin olóòtú wa, èmi ìyàwó tuntun kúnlẹ̀ kí yín láti Adó. Ẹ má dárúkọ mi o.

Ọkọ mi gbin koríko ẹ̀ṣọ́ síwájú ilé. Ìyá rẹ̀ rí i, wọ́n ní, “Ìyàwó, inú igbó lẹ wá ń gbé? Mò ń gbé ọkọ́ bọ̀ láti Ìjàn ní Sátidé.”

Tí a bá tètè gé e kó kúrú kó tó di Sátidé, wọ́n á rí i pé ẹ̀ṣọ́ ni, pé a gbìn ín ni. Ọkọ mi fẹ́ ra ẹ̀rọ tí ń gé koríko, èyí tó ń lo epo, ṣùgbọ́n ó máa ń ta òkúta sókè, mo sì lóyún tí n ò tíì sọ fẹ́nì kan. Ṣé ẹ̀rọ tí a ń fọwọ́ tì, tí kì í lo epo, lè gé e?

Ìyá ọkọ mi máa ń gbọ́ ètò yín lórí rédíò. Tí ẹ bá ka lẹ́tà yìí, bóyá wọ́n á fi ọkọ́ wọn sílé.