Pèpele Ìyá Àgbà

Ilé Oníkòkò,
Bẹyẹ́runká, Ìbàdàn.
Oṣù Kẹrin, 1984.

Àǹtí mi ọ̀wọ́n, Rachel,

Mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ṣé ara yín le, ṣé òtútù Jọ́ọ̀sì kò tíì sọ yín di yìnyín? Ní tèmi, ẹ má wulẹ̀ dààmú. Láti Mápó títí dé Agodi, kò sí bíríkìlà tí kì í ṣí fìlà fún mi báyìí. Èmi nìkan ni mo wó ilé ìdáná ilé wa, èmi nìkan ni mo tún un kọ́. Ọwọ́ òsì ni mo sì fi ṣe é, nítorí ọwọ́ ọ̀tún mi ń jẹ gúgúrú.

Ẹ rántí bí ibẹ̀ ti rí: ògiri dúdú ju ìdí ìkòkò lọ, èéfín kò sì mọ ibòmíràn tí yóò lọ ju ojú Ìyá Àgbà. Dókítà sọ pé bí wọ́n bá ń bá èéfín yẹn lọ, ojú náà kò ní pẹ́ fọ́. Ìdí nìyí tí Bàbá fi ní àwọn yóò tún un ṣe. Nílé ọ̀gá wọn ní Agodi, wọ́n ti rí ìyàwó ọ̀gá tó ń nàró dáná nídìí pèpele gíga. Bàbá ní ìyá tàwọn náà yóò nàró dáná bí ìyàwó ọ̀gá.

Ìyá Àgbà lọ sí Ọ̀rányàn, sílé bàbá wọn, láti lọ wẹ ọmọ tuntun. Bí wọ́n ti yísẹ̀ báyìí ni Bàbá ránṣẹ́ pe Bọ̀dá Yẹ̀kínì, bíríkìlà àdúgbò wa. A la fèrèsé, a lu ihò èéfín sókè, a rẹ́ ògiri, a kùn ún ní ọ̀dà funfun. Nígbà tó kan pèpele, Bọ̀dá Yẹ̀kínì béèrè bí yóò ṣe ga tó. Bàbá nàró ṣánṣán, wọ́n fọwọ́ lé ìbàdí ara wọn, wọ́n ní, "Ibí." Àǹtí mi, Bàbá tí kò gbé omi kaná rí láyé wọn ni a fi wọn ilé ìdáná.

Ìyá Àgbà dé, wọ́n yí ibẹ̀ ká, wọ́n súre fún Bàbá títí. Wọ́n wá gbé ìkòkò ọkà kaná. Àgbọ̀n wọn ló kan etí ìkòkò. Ọmọrogùn ń wo ojú ọ̀run, apá wọn kò ká a. Láti ìgbà ọmọge ni wọ́n ti ń jókòó ro ọkà, àpótí nídìí, ìkòkò láàárín ẹsẹ̀ méjèèjì. Wọ́n sọ̀ ọ́ kalẹ̀, wọ́n ní, "O ṣeun, ọmọ mi. Ilé ìdáná yìí dára. Àlejò ni mo jẹ́ níbẹ̀."

Bí wọ́n ṣe kó lọ sẹ́yìnkùlé nìyẹn, sórí òkúta mẹ́ta, tí èéfín tún padà sójú wọn. Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀, wọ́n ní àwọn ń padà sí Ọ̀rányàn pátápátá, níbi tí ààrò kò ti ga ju àwọn lọ. Bàbá náà fárí gá, wọ́n ní ẹni tó bá wó pèpele àwọn, àwọn àti onítọ̀hún ni.

Ní ọjọ́ Ìsinmi, Bàbá lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ sì mọ̀ pé ìsìn Aládùúrà wa kì í tètè parí. Èmi ní inú ń run mí. Ìyá Àgbà ń di ẹrù. N kò fọwọ́ kan pèpele gíga. Mo kó búlọ́ọ̀kù tó ṣẹ́kù, mo po sìmẹ́ǹtì, mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n jókòó sórí àpótí lábẹ́ ihò èéfín, mo sì mú okùn, mo fi ń wọ̀n láti orúnkún wọn dé ilẹ̀.

Wọ́n ní, "Ọkọ mi, ṣé pósí lò ń kàn fún mi ni?"

Mo ní rárá, ààrò ni. Wọ́n gbé ẹsẹ̀ wọn kalẹ̀ dáadáa kí n lè rí i wọ̀n.

Nígbà tí pèpele kékeré tí mo mọ náà gbẹ, wọ́n ro ọkà níbẹ̀, èéfín gba òkè lọ, wọ́n sì tú ẹrù wọn. Bàbá jẹ ọkà náà tán. Láràárọ̀ báyìí, àwọn fúnra wọn ló ń nàró se tíì nídìí pèpele gíga.

Kí Olúwa ṣọ́ yín lẹ́nu iṣẹ́ nọ́ọ̀sì yín, kí ó mú yín bọ̀ wá bá wa jẹun láyọ̀.

Èmi ni àbúrò yín tí ẹ máa ń fa létí,
Ọládiípọ̀.

Àfikún: Bọ̀dá Yẹ̀kínì ló kọ́ ilé ìdáná o. Omi ni mo pọn, kò sì sí bíríkìlà kankan tó ń kí mi. Ṣùgbọ́n pèpele kékeré yẹn, kì í ṣe irọ́, èmi ni. Ó wọ́ sápá kan. Bọ̀dá Yẹ̀kínì ní òun yóò bá mi wó o, kí òun tún un mọ kó gún. Ìyá Àgbà gbé àpótí sídìí rẹ̀, wọ́n jókòó, wọ́n ní kó gbìyànjú ẹ̀ wò.